Ajá Tí Bàbá Ansel Sin

Leander Doucet ló rí àpò náà. Òkun ti fà sẹ́yìn láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹrẹ̀ etíkun Port Sorrel sì tẹ́ lọ rẹrẹ, òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ń hú ìgbín òkun. Ó rò pé àpò tó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan ni. Ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó rí irun pupa, ó rí ìgbànú ọrùn ajá, ló bá ké, "Yéè!" bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ níbẹ̀ àfi àwọn ẹyẹ òkun.

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, Ínsípẹ́kítọ̀ Delphine Comeau ti dé. Ọdún mọ́kànlélógún ni obìnrin yìí ti fi ṣe ọlọ́pàá nílùú ẹlẹ́ja yẹn, ilé tí kò tíì jókòó mu tíì níbẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ń wá ọlọ́pàá tí í fọwọ́ gbá tábìlì, kó gba ibòmíràn lọ. Ti Comeau ni kó jókòó, kó máa wo ojú ẹ, kó sì dákẹ́ títí ìwọ fúnra ẹ á fi sọ ohun tí o ti búra pé o ò ní sọ.

"Ọ̀gá, ajá yìí mọ mí," ni Leander wí. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Ajá Ansel Nickerson ni. Ìgbànú ọrùn ẹ̀ nìyí. Nígbà tí Ansel ṣubú sórí yìnyín lóṣù Kejì, òun ló wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, tó ń gbó, tó ń gbó, títí mo fi wọ bàtà tẹ̀ lé e. Bí kì í bá ṣe tiẹ̀ ni, òkú là bá bá."

"O ti sọ fáwọn èèyàn?"

"Ansel ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ṣubú débẹ̀ yẹn. Ẹ mọ̀ ọ́n, agídí ni. Ta ló máa wá ṣe irú èyí sí ẹranko tó gba ẹ̀mí là?"

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ náà nìyẹn," ni Comeau wí, ó sì ràn án lọ́wọ́ gbé àpò náà.

Ọ̀dọ̀ Dókítà Winifred Oakes, tó ń wo ẹranko sàn, ni wọ́n gbé e lọ. Omi ti ba ojú ajá náà jẹ́ kọjá ohun tí èèyàn lè wò. Dókítà mú ẹ̀rọ kékeré kan, kò tóbi ju ẹ̀rọ ìfárùngbọ̀n lọ, ó ń rọra fà á kọjá lẹ́yìn ọrùn òkú náà. Ẹ̀rọ náà ké tíì.

"Ó ní ṣíìpù," ni Dókítà wí.

Ajá tí kò ní ṣíìpù ṣọ̀wọ́n ní Port Sorrel. Hóró kan lásán ni, kò ju ìrẹsì lọ, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ajá; abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún un sábẹ́ awọ láàrin èjìká méjèèjì, inú ara ajá ló sì ń wà títí á fi kú. Ìgbànú ọrùn lè já, ṣíìpù kì í já. Dókítà tẹ nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ̀rọ rẹ̀ kà sínú kọ̀ǹpútà, ó dúró díẹ̀, ó wá mí kanlẹ̀. Orúkọ tó jáde ni Ansel Nickerson, Òpópónà Èbúté.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni ajá yẹn ti sọnù, kò sì sí òpó iná kan nílùú tí Ansel kò lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́. Dulse ni orúkọ rẹ̀. Hettie, ìyàwó Ansel, ló fi orúkọ ewé òkun pupa tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá jẹ sọ ọ́, nítorí àwọ̀ irun rẹ̀. Hettie ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, láti ìgbà náà, ẹni kan ṣoṣo tí Ansel ń bá sọ̀rọ̀ lówùúrọ̀ kó tó bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni ajá yẹn.

Bàbá náà wá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi, ó le bí okùn ọkọ̀, nítorí pé ogójì ọdún ó lé ló fi fa pàkúté edé lókun. Ó gbé ọwọ́ kan lé etí òkú ajá náà, ó fi síbẹ̀ pẹ́.

"Kì í ṣe Dulse."

"Bàbá, ṣíìpù ẹ̀ la kà," ni Dókítà wí jẹ́jẹ́. "Orúkọ yín ló gbé jáde."

"Mo ní kì í ṣe Dulse. Ọwọ́ mi ò mọ èyí."

"Ẹ̀rọ kì í parọ́, Bàbá."

"Ẹ̀rọ yín ò bá a sùn nílé mi fún ọdún mẹ́fà!" Ó wá yíjú sí Comeau. "Ìwọ ọmọ Comeau, bàbá rẹ bá mi ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Ṣé mo jọ ẹni tórí ń dà rú?"

Kí Comeau tó fèsì, ilẹ̀kùn ṣí. Noreen ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ansel bí. Wọ́n ti pè é láàárọ̀, wákàtí mẹ́ta ló fi wa ọkọ̀ láti Halifax, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, èyí aláwọ̀ ewé tí wọ́n ya àwọn ológbò kéékèèké sí. Ilé ìwòsàn ẹranko ńlá kan ló ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó gba bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ẹkún náà sì jẹ́ ẹkún gidi. Comeau ti rí ti ẹ̀tàn rí, ó mọ ìyàtọ̀.

"Dádì, ó ti tó. Ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ jọ̀ọ́."

"Noreen, kì í ṣe òun."

"Òun ni, Dádì. Wọ́n ti kà á. Òun ni."

Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí èjìká bàbá náà tó wálẹ̀. Nígbà tó wálẹ̀, ó wálẹ̀ pátápátá. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó gbẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ igi ápù tí Hettie gbìn, ó sì sin ajá náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ níṣojú Comeau pé, "Ó dáa. N ó bá ọ lọ."

Gbogbo ìlú ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ìgbà tí Hettie ti kú ni Noreen ti ń bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nítòsí òun ní Halifax. Ilé náà dára, kò gba ajá ni. Èsì Ansel kò sì yí padà rí: níwọ̀n ìgbà tí Dulse bá wà láàyè, òun ò kúrò létí òkun. Ní báyìí, ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ akẹ́rù máa wá, ẹlòmíràn á máa gbé ilé tí òun àti Hettie kọ́. Comeau wo bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń jọ̀wọ́ okùn lọ́wọ́. Ó bí i nínú, kò sì tíì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí.

Ó padà sọ́dọ̀ Dókítà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì jọ wo àwọn fọ́tò tí Dókítà ti yà nígbà tó yẹ òkú ajá náà wò, kí wọ́n tó sin ín.

"Delphine, kò kú sómi. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á, ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé inú òkun. Wò ó níhìn-ín."

Ẹsẹ̀ iwájú ajá náà ló ń fi hàn án. Wọ́n ti fá irun ibẹ̀ ní igun mẹ́rin, kò ju páálí ìṣáná lọ.

"Kí ni wọ́n fá a fún?"

"Ibẹ̀ la ti ń gún abẹ́rẹ́ bí a bá fẹ́ fa omi sí wọn lára. Ẹni tó fá a mọṣẹ́."

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi? Mi ò rí Dulse sójú láti oṣù Kẹwàá. Koko lara ẹ̀ le nígbà yẹn."

Comeau gbé ife tíì rẹ̀, kò mu ún. "Nítorí náà, olè jí ajá, olè gbé ajá lọ sílé ìwòsàn, olè ní kí wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó kú, ó wá sọ ọ́ sínú àpò, ó jù ú sómi."

Dókítà fọwọ́ ra ojú. "Bí o ṣe tò ó yẹn, ọ̀rọ̀ wèrè ni."

"Wèrè kọ́," ni Comeau wí. "Ẹni tó ń ronú ni. Èyí tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn."

Ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń nàka sí, Clayton Surette, tó ń sin irú ajá pupa bẹ́ẹ̀ fún títà lẹ́yìn ìlú. Comeau bá a léèbúté ní Ọjọ́rú, ọkùnrin náà ń já pàkúté edé sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti rí ọlọ́pàá náà láti òkèèrè.

"Ọ̀gá! Ṣé ẹ wá mú mi ni? Ẹ jẹ́ n kó edé mi tán, kí ẹ tó so mí lọ́wọ́."

"Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, kí lo ń bẹ̀rù?"

"Ìyá ìyàwó mi ní òun ti gbọ́ lọ́jà pé èmi ni. Obìnrin yẹn ti ń dúró de irú ọjọ́ báyìí láti ọdún mẹ́rìnlá."

Comeau kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo bẹ Ansel kó jẹ́ kí Dulse bímọ fún ẹ?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ọ̀pá ìkọ́ ẹja lé mi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá arúgbó! Mi ò mọ̀ pé ó ṣì lè sáré tó bẹ́ẹ̀." Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ràn ajá yẹn, Ọ̀gá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n bí ìyá ẹ̀ sí. Lọ́jọ́ Sátidé tó sọnù, orí omi ni mo wà pẹ̀lú àwọn àna mi méjèèjì. Ẹ bi wọ́n."

"Mo ti bi wọ́n. Sọ èyí fún mi: tó bá jẹ́ pé ìwọ lo jí i, báwo lo ṣe máa ṣe ṣíìpù ẹ̀?"

"Ṣé ìbéèrè nìyẹn àbí ìdẹkùn?"

"Ìbéèrè ni. Mi ò mọ iṣẹ́ yín."

Clayton jókòó lé orí pàkúté kan. "Àwọn èèyàn rò pé orúkọ ló wà nínú ṣíìpù. Irọ́ ni. Nọ́ńbà lásán ló wà níbẹ̀. Orúkọ àti fóònù wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, níbòmíràn, lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ta ọmọ ajá, mo ti gún ṣíìpù sí i, màá fún oníbàárà ní fọ́ọ̀mù, màá ní, 'Ẹ fi ránṣẹ́ lónìí o.' Ìdajì wọn ò ní fi ránṣẹ́ láé! Wọ́n á tì í sínú dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná pẹ̀lú bátìrì tó ti kú. Ajá á wá máa rìn kiri pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ sí i, òun ni wọ́n máa gbà pé ó ni ín."

"Orúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ orúkọ ìyá ìyàwó mi."

Comeau ti ìwé rẹ̀ pa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rìn padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn nǹkan kan ti ń so mọ́ra wọn lọ́kàn rẹ̀, kò sì fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń so.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ sílé Ansel. Páálí ti kún pálọ̀. Noreen ń fi ìwé ìròyìn wé àwo nínú yàrá òkè, wọ́n ń gbọ́ bí ìwé ṣe ń dún. Ansel jókòó nílé ìdáná, ó gé búrẹ́dì olóyin dúdú fún Comeau, ó da tíì fún un, kò sì fi nǹkan kan sẹ́nu fúnra rẹ̀. Lábẹ́ tábìlì, àwo omi ajá náà ṣì wà níbẹ̀, omi inú rẹ̀ sì mọ́. Ó ń pààrọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá, ta ló fi ṣíìpù sí Dulse lára?"

"Hettie ni. Wọ́n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ kan ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Hettie ní ìlà ajá àti ológbò yẹn gùn ju ìlà ọjọ́ ìdìbò lọ. Mo wà lókun nígbà náà."

"Kì í ṣe ọ̀dọ̀ Dókítà Oakes?"

"Rárá. Dókítà ò sí níbẹ̀."

"Ṣé ìwé tí wọ́n fún Mọ́mì Noreen wà?"

Ẹ̀rín díẹ̀ kan ojú bàbá náà, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. "Hettie kì í fi ìwé pamọ́. Ohun tí kò bá fẹ́ kó sọnù, ara ilé ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí mo bá fara balẹ̀ jù, ó lè lẹ̀ mí mọ́ ògiri."

Comeau wò yí ká. Igi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn tó wọ yàrá oúnjẹ ni ojú rẹ̀ dúró sí. Wọ́n ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀: Noreen ọdún mẹ́ta, Noreen ọdún mẹ́rin, títí dé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, níbi tí orí ajá lè kàn, ìlà kan tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ àgbà obìnrin ló kọ "Dulse" sí i, ó sì lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tó máa ń bá ṣíìpù wá nínú páálí. Nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lára rẹ̀. Comeau dà á kọ, ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí lo rí níbẹ̀?" ni Ansel bi í.

"Mò ń wo bí Noreen ṣe ga tó ni, Bàbá."

Inú ọkọ̀ rẹ̀ ló ti ṣí ìwé tí Dókítà kọ nọ́ńbà òkú ajá náà sí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òun dà kọ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn kò jọra. Gbogbo ìlú ti ka orúkọ. Òun náà ka orúkọ. Kò sẹ́ni tó ka nọ́ńbà. Ó pe ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ó sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn, ó sì bi wọ́n ní nǹkan méjì. Nígbà tí wọ́n fèsì tán, ó jókòó síbẹ̀ títí gíláàsì ọkọ̀ fi kún fún èémí rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ náà ń dá gbé, ní ìlú Meteghan, àtẹ̀gùn ilé ìyá náà sì ga, ẹ̀rù pé ó lè ṣubú kì í kúrò lọ́kàn Comeau.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ akẹ́rù ti wà níta nígbà tí Comeau wọlé pẹ̀lú Dókítà Oakes. Ansel ti wọ kóòtù, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Noreen gbé páálí dání.

"Ọ̀gá, a ò ráyè o," ni Noreen wí. "Awakọ̀ ti ń kùn."

"Kó kùn. Jọ̀ọ́, jókòó." Comeau fa àga kan síwájú bàbá náà. "Bàbá, mo wá tọrọ àforíjì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ní ọwọ́ yín ò mọ ajá yẹn, a sì ṣe yín bí ẹni tí ìbànújẹ́ ń pa bí ọtí. Dókítà, kí ni ẹ̀rọ yín rí lára rẹ̀?"

"Orúkọ Bàbá."

"Ẹ tún un rò."

Dókítà wo ẹ̀rọ tó gbé dání. "Nọ́ńbà," ló wí. "Nọ́ńbà ló rí. Kọ̀ǹpútà ló sọ orúkọ."

"Ẹ ka mẹ́rin tó gbẹ̀yìn fún wa."

"Òdo, mẹ́sàn-án, mẹ́fà, méjì."

"Bàbá, ẹ wo ara igi ilẹ̀kùn yẹn, nísàlẹ̀, níbi tí Mọ́mì Noreen lẹ bébà mọ́. Ẹ kà á fún wa."

Ansel kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora, ó fi dígí sójú. "Mẹ́rin. Mẹ́rin. Ọ̀kan. Méje." Ó tún un kà láìpariwo. Ó di igi ilẹ̀kùn mú, kò dìde. "Delphine, má fi mí ṣeré."

"Mi ò fi yín ṣeré, Bàbá. Kì í ṣe Dulse lẹ sin."

Noreen ti gbé páálí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ògiri. Ojú ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ń wò.

"Ajá tí ẹ sin," ni Comeau ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ilé ìwòsàn ló kú sí. Wọ́n fá ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́jú rẹ̀, kò gbádùn náà ni. Ó ní ṣíìpù tí ẹni tó ni ín kò forúkọ sílẹ̀ rí. Lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú kí Leander tó rí àpò, ẹnì kan kọ orúkọ yín àti fóònù ilé yìí sí nọ́ńbà yẹn. Ó fi ìgbànú ọrùn Dulse sí i lọ́rùn, ó dì í sínú àpò, ó sì jù ú sómi. Ó ní láti jẹ́ ẹni tó lè gbé òkú ajá jáde níbi iṣẹ́ láìsí pé wọ́n bi í. Mo tún rántí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan tó jẹ́ pé òkú ẹranko kì í bà á lẹ́rù wọlé, ó sunkún, kò sì wo ajá orí tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Kí lẹ ń fẹ́ sọ gan-an?" ni Noreen wí.

"Mo bi wọ́n nípa nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn náà. Orúkọ Hettie Nickerson ṣì ló wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti yí fóònù padà, lọ́jọ́ Sátidé tí Dulse sọnù gan-an. Ẹni tó gbé e fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá. Kò fẹ́ kó tún sọnù, kí ẹni tó bá rí i má mọ ẹni tó máa pè. Mi ò tíì pe nọ́ńbà náà. Mo ní kí n pè é níhìn-ín."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kọjá. Fóònù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú kóòtù Noreen tó wà lẹ́yìn àga. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó mira. Ansel ń wo kóòtù náà bí ẹni tí kò rí kóòtù rí.

"Ẹ pa á," ni Noreen wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á."

Comeau pa á.

"Ibo ló wà?" Ansel kò tíì dìde nílẹ̀.

"Lọ́dọ̀ Bernadette ọ̀rẹ́ mi, lóko ápù wọn. Ara ẹ̀ le, Dádì. Ó ń jẹun."

"Ó ń jẹun." Bàbá náà mi orí. "Ogún ọjọ́ ni mi ò pa iná iwájú ilé, kó lè mọ ọ̀nà wálé. O jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn mi yìí. O dúró tì mí, o gbá mi mú, o ní òun ni. Mo ní ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n, o ní òun ni!"

"Mo fẹ́ kí ẹ yé dúró dè é! Mo rò pé bí ẹ bá sin ín, ó máa parí." Ẹkún ti gbà á. "Ìgbà méjì lẹ ṣubú lọ́dún yìí. Bí fóònù bá dún níbi iṣẹ́, mo ti máa ń rò pé ẹ tún ti ṣubú kí n tó gbé e. Mọ́mì kú, mi ò sí níbẹ̀. Mo ní tiyín ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ilé yẹn ò gba ajá, ẹ̀yin náà ò sì gbà láti fi í sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

"Ta ló pe Leander lọ́jọ́ tí mo ṣubú lóṣù Kejì?"

"Leander ń kọjá lọ ni. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Irọ́ ni mo pa, kí o má bàa dààmú. Ibi tí mo ṣubú sí, ènìyàn kì í gbà á kọjá. Dulse ló lọ pè é."

Noreen wo Comeau, Comeau mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ gan-an, láàrin àwọn páálí, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Ẹ ò sọ fún mi," ló wí níkẹyìn.

"Bí mo bá sọ ọ́, o ò bá ti kó mi lọ lọ́jọ́ náà."

Comeau bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. "Noreen, mo rí i pé o yí fóònù, o ò fọwọ́ kan orúkọ."

"Mo fẹ́ yí i. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ Mọ́mì, ọwọ́ mi kọ̀." Ó nu ojú. "Mo gbọn eruku gbogbo ilé yìí. Mi ò wo ìsàlẹ̀ orúkọ tèmi lára igi ilẹ̀kùn yẹn."

"Bàbá, òfin ní orúkọ fún ohun tó ṣe yìí," ni Comeau wí. "Ẹ̀yin lẹ ni ẹjọ́. Bí ẹ bá ní kí n kọ ọ́, màá kọ ọ́."

"Lọ gbé ajá mi wá," ni Ansel wí. "Ìwọ àti Noreen. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn."

Wákàtí mẹ́ta ló gbà wọ́n ní àlọ àti àbọ̀, gbólóhùn tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́nà kò sì pé mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, Dulse ti gba ẹsẹ̀ wọn jáde. Ó sáré wọ ilé ìdáná, ó gbóòórùn àwọn páálí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yẹ ẹrù wò, ó mu omi nínú àwo rẹ̀, ó wá jókòó lé ẹsẹ̀ bàbá náà. Ansel gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀. Omijé ń bọ́ sórí fìlà rẹ̀, kò nu ún.

"Ọwọ́ mi mọ èyí," ló wí.

Iṣẹ́ ni iṣẹ́, Dókítà fa ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá. Kò rí nǹkan kan láàrin èjìká. Ó rọra fà á lọ sísàlẹ̀, nítorí ṣíìpù máa ń rìn díẹ̀ lábẹ́ awọ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ó sì ké tíì nítòsí ìgbọ̀nwọ́. Mẹ́rin, mẹ́rin, ọ̀kan, méje. Comeau ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà lórí fóònù rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ká yí orúkọ ẹni tó ni ín sí tiyín?"

"Fi Hettie sílẹ̀ níbẹ̀. Fóònù ni kí o yí. Kọ tèmi sí i." Ó ka nọ́ńbà rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, ó wo ojú fèrèsé. Noreen ń kó páálí padà láti inú ọkọ̀ akẹ́rù, awakọ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́, ó ń kùn. "Ṣé àyè wà fún nọ́ńbà kejì?"

"Ó wà."

"Kọ ti Noreen sí i. Má wò mí bẹ́ẹ̀, mi ò tíì dárí jì í. Ṣùgbọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá rí èmi tàbí ajá yìí nílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa pè."

Comeau kọ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀, fóònù Noreen dún níta. Ó gbé páálí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko, ó ka ohun tí ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ kọ sí i, pé nọ́ńbà rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀, kò sì tètè gbé páálí náà mọ́.